Ìbò Ló Kó Wa Jọ, Ìbò Ló Tú Wa Ká

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ẹ̀yà gbogbo, tí Ó fún oníkálukú ní ahọ́n tirẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn sì pọ́n bákan náà. 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kùnrin àti lóbìnrin, bí ènìyàn bá kú ní àdúgbò wa, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ó kàn. A ó wẹ òkú, a ó fi aṣọ funfun dì í, a ó kírun sí i lára, a ó sì gbé e lọ sin. Bí àwọn díẹ̀ bá ṣe é, ọrùn àwọn yòókù ti mọ́. Bí kò bá sí ẹnì kan tí ó ṣe é, gbogbo àdúgbò ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n bí ohun tí ó kú bá jẹ́ ìfọkàntánni tí ó wà láàárín aládùúgbò méjì ńkọ́? Ta ni a ó ké sí pé kí ó wá wẹ̀ ẹ́? Ní Festac Town àti ní gbogbo Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, irú òkú bẹ́ẹ̀ ti wà nílẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Oníkálukú ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó fi ọwọ́ bo imú.

Festac kò dàgbà bí àwọn ìlú yòókù ti ń dàgbà. Kò sí babańlá kan tí ó pa igbó tí ó tẹ̀ ẹ́ dó. Ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́ ọ sí ilẹ̀ àwọn Àwórì, láti fi gba àlejò fún àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé, ẹlẹ́ẹ̀kejì irú rẹ̀, èyí tí a ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Àwọn òṣèré, akọrin àti ọ̀mọ̀wé tí wọ́n lé ní 15,000 ni ó wá, láti orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 50. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ìjọba ní kí a ṣẹ́ ìbò lórí àwọn ilé náà. Bí ìbò bá ti mú ènìyàn, ó gba kọ́kọ́rọ́. Bí ọmọ Ìjẹ̀bú ṣe di aládùúgbò ọmọ Ńnéwì nìyẹn, tí ọmọ Ìbíbíò ń gbé òkè, tí ọmọ Bìní ń gbé ìsàlẹ̀, tí ìdílé Haúsá kan sì wà ní ìkángun. Kò sí ẹni tí ó yan aládùúgbò rẹ̀. Ìbò ni ó yàn án fún un.

Ẹ kíyè sí ọjọ́ tí àjọ̀dún náà bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966 ni àwọn ológun kọ́kọ́ fi ìbọn gba ìjọba ní ilẹ̀ yìí, tí ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1970 ni ogun Biafra parí. Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1977 ni a ṣí àjọ̀dún tí ó bí Festac. Bóyá àwọn tí wọ́n mú ọjọ́ náà rò ó bẹ́ẹ̀ tàbí wọn kò rò ó, ọdún méje géérégé lẹ́yìn ogun ni a fi ìlú kan lélẹ̀ tí ọmọ àwọn tí wọ́n bá ara wọn jà yóò máa pọn omi nínú ẹ̀rọ kan náà.

Wọ́n sì pọn ọ́n. Àwọn tí a bí sí Festac ní nǹkan bí ọdún 1980 lè jẹ́rìí sí i. Nínú àwọn kílóòsì, níbi tí ilé bíi mélòó kan ti kọjú sí ara wọn, ìyá ẹnì kan ni ìyá gbogbo ọmọ. Ọdún iléyá dé, abọ́ ẹran ń lọ sí ilé àwọn Kìrìsìtẹ́nì; Kérésìmesì dé, abọ́ ìrẹsì ń padà bọ̀. Títí di òní, bí tiransifọ́mà bá jó, onílé àti ayálégbé yóò dá owó jọ, kò sì sí ẹni tí ó ń bèèrè ẹ̀yà akápò kí ó tó san tirẹ̀. Bí gọ́tà bá dí, omi tí ó wọ ilé Olú ni yóò wọ ilé Okeke.

Kí ni ó wá dé?

Ìbò náà ni. Èdè Yorùbá, tí ó jinlẹ̀ ju bí a ti rò lọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó fún ìbò tí a fi pín ilé àti ìbò tí a fi yan olórí. Èkíní kó wa jọ, èkejì tú wa ká. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023, a dìbò ààrẹ. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, Peter Obi ti ẹgbẹ́ Labour ní ìbò 582,454, Bola Tinubu ti ẹgbẹ́ APC ní 572,606. Ohun tí ó wà láàárín wọn kò tó 10,000. Tinubu ni a kéde pé ó wọlé ní gbogbo Nàìjíríà, ṣùgbọ́n Èkó, ilé rẹ̀, bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, Labour sì ni ó ṣáájú ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin. Ẹni tí ó wọlé àti ẹni tí kò wọlé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a wá sọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré tí ó wà láàárín ọjọ́ náà àti ọjọ́ 18 oṣù kẹta tí a dìbò gómìnà ni kí á yẹ̀ wò.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ẹnu ṣe ohun tí ọta ìbọn kò lè ṣe. Gbogbo ìbò tí kò bá ti bọ́ sí ibi tí a fẹ́ ni a ń pè ní ìbò Ìgbò, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá mọ orí kíkà mọ̀ pé ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tí ó dì í, pàápàá àwọn ọ̀dọ́. Gbadebo Rhodes-Vivour, tí baba rẹ̀ jẹ́ ará Èkó tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Ìgbò, di ẹni tí a ń wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń wọn epo. Nígbà tí ọjọ́ pé, àwọn jàǹdùkú dúró sí ẹnu ọ̀nà ibùdó ìdìbò kan àti òmíràn, wọ́n ń wo ojú ènìyàn, wọ́n ń bèèrè orúkọ. Àwọn ọmọ Yorùbá kan wà tí a nà nítorí pé ojú wọn jọ ojú Ìgbò. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: a nà wọ́n nítorí pé wọ́n jọ aládùúgbò wọn! Babajide Sanwo-Olu ní ìbò 762,134, Rhodes-Vivour ní 312,329. A kéde, ó parí. Ohun tí kò parí ni pé ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, àwọn kan tí wọ́n ti ń kí ara wọn fún 30 ọdún gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá, wọ́n dákẹ́.

Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ tí a kì í kọ́kọ́ wo ẹ̀yà tí ó wà nídìí rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba ìpínlẹ̀ wó àwọn ilé kan nínú ọgbà Trade Fair. Ìjọba ní wọn kò ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Àwọn ọlọ́jà ní àwọn gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ìjọba àpapọ̀ fi ṣe alákòóso ibẹ̀. Ìjà òfin láàárín ìjọba méjì ni, èyí tí ó yẹ kí àwọn agbẹjọ́rò jókòó tì. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀ ó ti di ti Ìgbò àti Yorùbá. Àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń ṣe yẹ̀yẹ́, a kò sì rí ẹni tí ó ní ká lọ ka ìwé òfin náà.

Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ti ń ṣọ̀fọ̀. Ẹ lọ jókòó ti àgbàlagbà ọmọ Ìgbò kan. Yóò sọ fún yín nípa àwọn tí a pa ní òkè Ọya ní ọdún 1966, nípa ebi tí ó pa àwọn ọmọdé nígbà ogun, àti nípa 20 póùn tí a kà lé ènìyàn lọ́wọ́ lẹ́yìn ogun, iye yòówù tí ó ti ní ní báńkì. Yóò sọ nípa ọdún 2013, nígbà tí ìjọba Èkó kó àwọn aláìní lọ já sílẹ̀ ní Onitsha, àti ọ̀rọ̀ ọ̀sà tí ó jáde láti ààfin ní oṣù kẹrin ọdún 2015, kí a tó dìbò gómìnà. Ẹ wá dìde níbẹ̀, kí ẹ lọ jókòó ti àgbàlagbà ọmọ Yorùbá. Òun yóò sọ nípa oṣù kẹjọ ọdún 1967, tí ọmọ ogun Biafra ré odò Ọya kọjá tí wọ́n dé Orẹ̀. Yóò sọ nípa ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, ìbò tí a fagi lé, àti Abíọ́lá tí ó kú sí àhámọ́ ní ọdún 1998, ó sì ń dùn ún pé àwọn ẹ̀yà yòókù kò bá a sunkún tó. Bí ó bá wá jẹ́ Àwórì ni, yóò béèrè bí a ṣe lè jókòó sórí ilẹ̀ baba òun kí a tún máa sọ pé Èkó kò ní onílé. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ṣùgbọ́n èkíní kò tíì gbọ́ ẹkún èkejì rí tán, nítorí pé bí èkejì bá ti bẹ̀rẹ̀, òun náà á gbé tirẹ̀ sókè.

Kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí kankan má sì rò pé ìjà Ìgbò àti Yorùbá ni, pé kò kan mọ́sálásí. Ní oṣù keje ọdún 1999, wàhálà Haúsá àti Yorùbá bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣágámù lórí ọ̀rọ̀ Orò. Ẹ̀san rẹ̀ dé Kánò kí ọ̀sẹ̀ tó yí. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ó di ti ọjà Mile 12. Ní oṣù kejì ọdún 2002, ó di ti Ìdí-Àràbà. Mùsùlùmí wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, Kíbílà kan náà ni wọ́n ń kọjú sí. Àwọn tí wọ́n fi èjìká kan èjìká lórí sáàfù ní ọjọ́ Jímọ̀ fi àdá kan ara wọn láàárín ọ̀sẹ̀. Bí ẹ̀sìn kan ṣoṣo kò bá tó láti dá ọwọ́ dúró nígbà náà, ó yẹ kí á mọ̀ pé àrùn yìí jìn ju ohun tí wáàsí nìkan lè wò lọ.

Àrùn àtijọ́ ni. Ní Mẹdínà, kí Ànọ́bì tó dé, ẹ̀yà Aws àti Khazraj ti pa ara wọn ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ogun Bu'ath ni ó le jù, èyí tí ó jà ní nǹkan bí ọdún márùn-ún ṣáájú Híjíráà. Ìsìláàmù sọ wọ́n di ará. Ọkùnrin arúgbó kan, Shas ọmọ Qays, kọjá ní ọjọ́ kan, ó rí wọn tí wọ́n jọ jókòó tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, inú bí i. Kò fa idà yọ. Ó rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé kí ó lọ jókòó láàárín wọn, kí ó dárúkọ Bu'ath, kí ó sì máa ké ewì tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan fi bú ẹnìkejì rẹ̀ nígbà ogun náà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dìde, tí wọ́n ń pe ara wọn síta pé kí wọ́n lọ mú ohun ìjà. Ànọ́bì, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, sáré bá wọn, ó bi wọ́n léèrè bóyá ìpè ìgbà àìmọ̀kan ni wọ́n ń jẹ́ nígbà tí òun ṣì wà láàárín wọn. Wọ́n sunkún, wọ́n sì dì mọ́ ara wọn.

Ọ̀dọ́ ni a rán, ẹ̀yin ará. Arúgbó tí ó mọ ìtàn ọgbẹ́ náà jókòó sí ilé, ọ̀dọ́ tí kò sí lójú ogun dáadáa ni ó gbé ewì lọ. Lónìí kò tilẹ̀ pọn dandan kí ó rìn. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan fi ohùn ká sí WhatsApp ní ìlú òyìnbó, tí ó ń dárúkọ Orẹ̀ tàbí 20 póùn, yóò ti wọ gbogbo kílóòsì ní Festac kí a tó kírun àṣálẹ́ tán. Ẹni tí ó tẹ bọ́tìnì tí ó fi ránṣẹ́, iṣẹ́ Shas ni ó jẹ́, ìbáà ṣe pé òótọ́ ni ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ewì Bu'ath náà kì í ṣe irọ́. Ogun náà jà.

Ṣùgbọ́n kí á má ṣe bí ẹni pé kò sí oògùn tí a tíì lò rí. Nígbà tí ogun parí ní 1970, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìgbò padà sí Èkó, wọ́n bá ilé wọn nínú ìdúró. Aládùúgbò wọn tí ó jẹ́ Yorùbá ti ń bá wọn gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé, ó sì kà á fún wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Port Harcourt, níbi tí a ti pe ilé wọn ní ilé tí kò ní olúwa.  Ní Èkó, ẹ̀rí ọkàn àwọn onílé kó ipa nínú rẹ̀. Ìtàn yìí yẹ kí ó wà lẹ́nu ọmọ Ìgbò gẹ́gẹ́ bí 20 póùn ti wà níbẹ̀. Ó sì yẹ kí ọmọ Yorùbá má fi í ṣe ìṣògo, nítorí amáànà ni, ẹni tí ó bá sì dá amáànà padà kò ṣe oore kankan. Bákan náà ni ikú Adekunle Fajuyi, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, tí a mú pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi, ní Ìbàdàn ní oṣù keje ọdún 1966. Ilé kan náà ni a ti mú àwọn méjèèjì jáde.

Ní ti ọ̀rọ̀ Onitsha, oṣù kẹsàn-án ọdún 2013 kò tíì tán tí gómìnà Babatunde Fashola fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn Ìgbò ní gbangba. Àwọn kan ní ìdìbò ni ó ń wá, àwọn kan ní kò yẹ kí ó bẹ ẹnikẹ́ni. Ohun yòówù tí ó wà lọ́kàn rẹ̀, Ọlọ́hun ni ó mọ̀ ọ́n. Àwa mọ̀ pé ilé kankan kò wó nítorí pé olórí sọ pé ẹ jọ̀wọ́. Ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Oputa kalẹ̀ ní 1999 kí ó gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí a ṣe níbi láti 1966. Àwọn ènìyàn wá, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n sunkún lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìgbìmọ̀ náà parí iṣẹ́ ní 2002, ìjọba kò sì gbé ìwé rẹ̀ jáde fún ìlú. Bí a ṣí ọgbẹ́ tí a kò wẹ̀ ẹ́, tí a tún fi aṣọ bò ó, yóò kẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó kù ọ̀kan, èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé wa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2020, iná bú gbàmù ní Abúlé-Àdó. Ó lé ní ogún ẹ̀mí tí ó lọ, ilé tí ó wó lé ní àádọ́ta, ilé ẹ̀kọ́ Bethlehem Girls College sì di àlàpà. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà, Sister Henrietta Alokha, kú síbẹ̀ níbi tí ó ti ń kó àwọn ọmọbìnrin jáde kúrò nínú ewu. Ní ọjọ́ náà, ẹni tí ó ní mọ́tò gbé ẹni tí ó farapa, kò béèrè ibi tí ó ti wá. Àwọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ họ bíríkì kò mọ èdè tí ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ń sọ. Gómìnà kéde àpò ìrànwọ́ bílíọ̀nù méjì náírà, àwọn ènìyàn dáwó sí i. Fún bí ọjọ́ mélòó kan, gbogbo Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin jọ ṣe ọ̀fọ̀ kan ṣoṣo. Kòró dé, oníkálukú tilẹ̀kùn, a sì gbàgbé. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ họ bíríkì ń bi ara wọn léèrè orúkọ ní ibùdó ìdìbò.

Àwọn kan yóò béèrè bóyá ó tọ́ kí Mùsùlùmí ṣọ̀fọ̀ obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà. Hádíìsì tí ó fìdí múlẹ̀ sọ fún wa pé a gbé òkú kan kọjá, Ànọ́bì dìde dúró. Wọ́n ní òkú Yàhúdí ni. Ó dá wọn lóhùn pẹ̀lú ìbéèrè pé ṣebí ẹ̀mí ni. Ọ̀rọ̀ àdúrà ìdáríjì lọ́tọ̀, àwọn onímọ̀ ti ṣàlàyé ààlà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ̀ fún ẹ̀mí lọ́tọ̀. Ẹni tí ó jókòó nígbà tí òkú aládùúgbò rẹ̀ ń kọjá, kí ó wá àwíjàre mìíràn, kí ó má fi ti súnnà ṣe é.

Nítorí náà, kí ẹ̀ka àwọn ọ̀dọ́ lọ bá ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n bá àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ọmọ onílẹ̀ jókòó, kí á má fi ti ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Ní ìjókòó àkọ́kọ́, kí á má sọ ọ̀rọ̀ òṣèlú rárá. Kí àgbàlagbà Ìgbò kan sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kí àwọn ọmọ Yorùbá gbọ́ ọ tán láìdá a lóhùn. Ní ìjókòó kejì, kí àgbàlagbà Yorùbá sọ tirẹ̀, lábẹ́ òfin kan náà. Kí Àwórì sọ ti ilẹ̀. Kí ará Haúsá tí ó sá kúrò ní Ìdí-Àràbà sọ tirẹ̀ bí a bá rí i. Àìdánilóhùn yìí ni yóò ṣòro jù, ẹ ó sì rí i pé àwọn àgbà ni yóò kọ́kọ́ rú òfin náà. Kí ẹ̀yin ọmọ rọra fi ọ̀wọ̀ rán wọn létí. Ọjọ́ 15 oṣù kẹta ni ó yẹ kí á máa fi ṣe é lọ́dọọdún, ní Abúlé-Àdó, bí àwọn ará ibẹ̀ bá gbà wá láyè. Kí a ka orúkọ àwọn tí iná náà pa, bí àwọn ìdílé wọn bá fọwọ́ sí i, láìdárúkọ ẹ̀yà ẹnì kankan nínú wọn.